Ìṣẹ́jú 7 kí Thunderbird tó ṣí: ṣé kọ̀ǹpútà ló ti darúgbó ni, àbí ètò náà ló ní àìsàn?

Atẹ̀wé Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ìṣòro kan lórí Thunderbird, ètò tí mo fi ń gba ímeèlì, ti ń dà mí láàmú láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ là mí lọ́yẹ̀ kí n tó lọ náwó síbi tí kò yẹ.

Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ni mo ní lẹ́bàá Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ìwé ètò ìsìnkú àti ti ìgbéyàwó ni a ń tẹ̀ jù, pẹ̀lú kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ àti iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó fẹ́ jáde. Orí ímeèlì ni mo ní kí gbogbo wọn máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí, nítorí pé àwòrán tí a bá gbà lórí fóònù sábà máa ń ti fún pọ̀ kó tó dé ọwọ́ wa. Bí a bá sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ojú olóògbé á rí bàìbàì, ẹbí á sì ní àwa la ba iṣẹ́ jẹ́. Láti ọdún 2016 ni mo ti ń fi Thunderbird gba àwọn lẹ́tà yìí sórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀nà POP ni ẹni tó bá mi tò ó lò, ìyẹn ni pé lẹ́tà á kúrò lórí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà àwọn tó ń bá wa gbé ímeèlì, á wá máa gbé inú kọ̀ǹpútà mi, tí mo fi lè kà á nígbà tí dátà bá tán.

Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ti tẹ àmì rẹ̀, kí n tó fa àga sún mọ́ tábìlì ni yóò ti ṣí. Lánàá, mo fi aago kà á, ìṣẹ́jú 7 ló gbà. Ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ funfun báláú, á kọ "Not Responding" sókè, iná pupa kékeré tó wà níwájú kọ̀ǹpútà á máa ṣẹ́jú láìsinmi, hard disk á sì máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí eku bá wọ àká àgbàdo. Bó bá jẹ́ pé iná mànàmáná wà ni, n kò bá má wí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n orí jẹnẹrétọ̀ ni mo sábà máa ń wà, epo ni ìṣẹ́jú 7 yẹn ń jó, oníbàárà á sì dúró lé mi lórí, á ní láti àárọ̀ ni òun ti fi iṣẹ́ òun ránṣẹ́.

Ohun tí mo ti ṣe nìyí. Mo yọ Thunderbird kúrò pátápátá, mo gba tuntun láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì tún un fi sí i. Ó yà mí lẹ́nu pé bí mo ṣe ṣí i báyìí, gbogbo lẹ́tà mi ló wà níbẹ̀ bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀, ìlọ́ra náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ọmọṣẹ́ mi ní fáírọ́ọ̀sì ni. Ẹnìkan tó ń ta ẹ̀rọ ní kọ̀ǹpútà náà ti lo ìgbà rẹ̀ tán, òun á bá mi wá òmíràn. Windows 10 ló wà lórí rẹ̀, RAM rẹ̀ (ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́) jẹ́ 4GB, hard disk rẹ̀ jẹ́ 500GB tí wọ́n pín sí C àti D. Kí ni kí n ṣe?

Alátùn-únṣe Under G

Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà epo. Ẹ má tíì ra kọ̀ǹpútà kankan. Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Under G níbí. Bí ẹ bá gbé e wá bá mi, owó ni màá gbà lọ́wọ́ yín lórí ohun tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ṣe ní ìjókòó kan.

Ibi tí mo ti dúró nínú ọ̀rọ̀ yín ni ibi tí ẹ ti sọ pé gbogbo lẹ́tà yín ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ yọ ètò náà kúrò. Ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Thunderbird ń gbé nínú kọ̀ǹpútà. Ètò náà fúnra rẹ̀ wà nínú Program Files, òun ni ẹ yọ. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yín, ìwé àdírẹ́sì yín, ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé yín àti bí ẹ ṣe to gbogbo rẹ̀ wà nínú fódà mìíràn tí wọ́n ń pè ní profile, yíyọ ètò kúrò kì í sì í fọwọ́ kàn án. Ilẹ̀kùn ni ẹ pààrọ̀. Ẹrù tó dí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pa ṣì wà níbi tó wà. Bí ẹ bá tún un fi sí i nígbà mẹ́wàá, ìṣẹ́jú 7 yín kò ní dín.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ wo àìsàn tí n kò tíì rí. Nígbà mìíràn tí ẹ bá fẹ́ ṣí i, ẹ kọ́kọ́ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager jáde, kí ẹ tó wá ṣí Thunderbird, kí ẹ sì máa wo ìlà tó wà lábẹ́ Disk. Bó bá wọ 100%, ẹ kọ orúkọ àwọn ètò méjì tó wà lókè pátápátá sílẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn náà, ẹ tì í pa, kí ẹ di bọ́tìnnì Shift mú nígbà tí ẹ bá tún ń ṣí i. Yóò bi yín bóyá ẹ fẹ́ lo Troubleshoot Mode, ẹ gbà fún un. Ní ipò yìí, gbogbo add-on, ìyẹn ètò kékeré àfikún, tí ẹnikẹ́ni bá ti so mọ́ ọn kò ní ṣiṣẹ́, nítorí náà bó bá yára ṣí, add-on kan ló ń fà á. Bó bá ṣì ń lọ́ra, a ó gbé ẹjọ́ lọ síbòmíràn.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni ìkẹta. Nínú Thunderbird, ẹ lọ sí Help, ẹ mú More Troubleshooting Information, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Profile Folder sí, kí ẹ tẹ Open Folder. Ẹ wọ fódà Mail, ẹ wọ èyí tó ń jẹ́ orúkọ server yín, kí ẹ to àwọn fáìlì ibẹ̀ ní ìwọ̀n títóbi. Ẹ sọ fún mi bí fáìlì tó ń jẹ́ Inbox, tí kò ní ohunkóhun bíi .msf nídìí orúkọ rẹ̀, ṣe tóbi tó. Ẹ má ṣe pa ohunkóhun rẹ́ o. Ọ̀nà POP tí ẹ ń lò yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni lẹ́tà yín wà lábẹ́ ọ̀run.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì, Ọ̀yọ́

Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ọ̀yọ́ Aláàfin ni mò ń gbé, ìdí iṣẹ́ akọ̀wé ni mo sì ti fẹ̀yìn tì. Outlook ni a ń lò ní ọ́fíìsì wa, kì í ṣe Thunderbird, ṣùgbọ́n mo rò pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí. Inú fáìlì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ PST ni lẹ́tà wa ń gbé, nígbà yẹn sì rèé, bí fáìlì náà bá ti kan 2GB, ó parí nìyẹn, kò ní gba lẹ́tà mọ́. Láti Outlook 2010 ni wọ́n ti sún ààlà náà sí 50GB, ṣùgbọ́n àwa tí a lo ti àtijọ́ mọ ohun tí ojú wa rí.

Nígbà tí tiwa ń lọ́ra, ohun méjì ni mo rí nídìí rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni proxy, ìyẹn kọ̀ǹpútà alárinà sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnìkan ti to kọ̀ǹpútà náà kó máa wá proxy káàkiri kó tó lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ kò sí proxy kankan ní ọ́fíìsì wa. Nínú Thunderbird, ẹ lè rí i lábẹ́ Settings, ní ìsàlẹ̀ General, níbi tí wọ́n kọ Network & Disk Space sí; ẹ yàn án pé No proxy. Ìkejì ni antivirus. Ẹ̀gbọ́n mi atẹ̀wé, ẹ pa antivirus yẹn, kí ẹ tún un ṣí, kí ẹ wo ìyàtọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni tiwa fi dín lọ́jọ́ tí mo pa á, láti ọjọ́ náà ni n kò sì ti tàn án mọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Atẹ̀wé Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò, mo sì ti gba ìmọ̀ràn ìyá wa lórí proxy. Kò mú ìyàtọ̀ kankan wá.

Troubleshoot Mode kò yí nǹkan kan padà. Disk wọ 100% láti ìgbà tí mo ti tẹ Thunderbird títí ó fi ṣí tán, àwọn méjì tó wà lókè sì ni Thunderbird fúnra rẹ̀ àti antivirus tí mo rà lọ́dún tó kọjá. Nípa ti fódà, ẹnu yà mí. Inbox jẹ́ 9.4GB. Trash jẹ́ 3.1GB. Ọ̀kan tún wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ nstmp, 5.8GB ni, n kò sì mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀. Mo padà sẹ́yìn nínú profile, mo tún rí global-messages-db.sqlite tó tó 1.1GB. Àyè tó kù lórí C kò ju 4GB lọ.

Ohun tí kò yé mi ni pé bí mo bá wo Inbox nínú Thunderbird, lẹ́tà ibẹ̀ kò ju 2,300 lọ, nítorí pé mi ò fi ìdọ̀tí sílẹ̀ rí. Bí iṣẹ́ bá ti jáde, tí oníbàárà sì ti gbé e lọ, mo máa ń pa lẹ́tà rẹ̀ rẹ́ lọ́jọ́ náà. Ibo wá ni 9.4GB ti wá?

Mo tún gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Àpótí kékeré kan máa ń yọ láti bí ọdún mélòó kan, tó máa ń sọ pé òun fẹ́ ṣe compact kí àyè lè ṣí sílẹ̀. Mo ti sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi pé kí wọ́n máa tẹ "Remind Me Later", nítorí pé ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ jẹ iṣẹ́ oníbàárà run. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọmọkùnrin kan ṣèèṣì gbà fún un, jẹnẹrétọ̀ sì kú láàárín kan náà.

Alátùn-únṣe Under G

Ọ̀gá, ẹ ti fi ẹnu ara yín dáhùn ìbéèrè yín. nstmp yẹn, ọjọ́ tí jẹnẹrétọ̀ kú ni wọ́n bí i. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé dáadáa.

Ẹ rántí ìwé gbèsè tí àwọn ìyá wa ń lò lọ́jà. Bí ẹnìkan bá san owó tó jẹ, wọn kì í fa ojú ìwé ya. Ìlà ni wọ́n máa ń fà lé orúkọ rẹ̀ lórí, ìwé náà á sì máa nípọn sí i. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Inbox yín rí. Fáìlì ọlọ́rọ̀ lásán kan ṣoṣo ni, tí wọ́n ń pè ní mbox, lẹ́tà tuntun sì ń tẹ̀ lé ti àná nínú rẹ̀. Bí ẹ bá pa lẹ́tà kan rẹ́, tàbí tí ẹ gbé e lọ sínú Trash, Thunderbird á kàn sàmì sí i pé ó ti kúrò, á sì dẹ́kun fífi í hàn yín. Mo ti fi Notepad ṣí kékeré kan wò rí: orí lẹ́tà tí wọ́n ti kà ni mo ti rí "X-Mozilla-Status: 0001", orí èyí tí wọ́n ti kà tí wọ́n sì ti pa rẹ́ ni mo ti rí "0009", àmọ́ gbogbo ara lẹ́tà náà, títí kan àwòrán tó gbé wá, ló ṣì wà níbẹ̀ láìyingin. Compact tí ẹ ń lé sẹ́yìn láti ọjọ́ yìí ni iṣẹ́ ẹni tó mú ìwé tuntun, tó da àwọn gbèsè tó kù nìkan kọ sínú rẹ̀, tó sì sun ti àtijọ́. Kò fọwọ́ kan ohun tí ẹ kò pa rẹ́. nstmp ni ìwé tuntun tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ.

Ẹ wá wo bí èyí ṣe di ìṣẹ́jú 7. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Inbox, fáìlì kékeré kan wà tó ń jẹ́ Inbox.msf, òun ni atọ́ka tó mọ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà. Bí kọ̀ǹpútà bá kú lójijì, atọ́ka àti Inbox kì í bá ara wọn mu mọ́, Thunderbird á sì ní láti ka Inbox láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó lè tún atọ́ka náà kọ. Hard disk bíi tiyín, bí kò bá sí ohun mìíràn tó ń dí i lọ́wọ́, lè ka nǹkan bí 100MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 9.4GB á gbà á ju ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ. Antivirus náà á tún fẹ́ ka odindi fáìlì yẹn nítorí pé ẹnìkan ti ṣí i, abẹ́rẹ́ hard disk á sì máa sáré lọ sáré bọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn. Pẹ̀lú RAM 4GB tí Windows ti jẹ ìdajì rẹ̀, ìṣẹ́jú 7 kò yà mí lẹ́nu. Bí iná yín ṣe ń lọ tó lójoojúmọ́ ni ẹ ṣe ń san owó orí yìí.

Báyìí ni ẹ ó ṣe ṣe é. Ẹ ti Thunderbird pa, kí ẹ da odindi profile kọ sórí D tàbí sórí hard disk ìta, kí ẹ sì ṣí ẹ̀dà náà wò pé ó pé. Ẹ má kọjá ibẹ̀ bí kò bá tíì pé. Ẹ wá ṣí Thunderbird, ẹ ó rí nstmp láàárín àwọn fódà lápá òsì; ẹ wò ó bóyá lẹ́tà tí kò sí nínú Inbox wà níbẹ̀, bí kò bá sí, ẹ pa á rẹ́. Ẹ da Trash nù. Pẹ̀lú ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀, àyè tó ṣí sílẹ̀ á ti ju 12GB lọ, èyí sì ṣe pàtàkì nítorí pé ìwé tuntun àti ti àtijọ́ á jọ wà lórí C fún ìgbà díẹ̀. Kí ọkàn yín lè balẹ̀, ẹ jẹ́ kí àyè tó wà ju ìwọ̀n Inbox lọ. Ẹ tẹ ọ̀tún màósì lórí Inbox, ẹ yan Compact, kí ẹ sì kúrò nídìí rẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà tí iná bá dúró tàbí tí ẹ bá ní UPS (bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró bí iná bá lọ) tó lágbára. Ẹ má fi jẹnẹrétọ̀ tí epo rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ṣe é láéláé.

Nígbà tó bá tán, ẹ ti Thunderbird pa, ẹ pa global-messages-db.sqlite nìkan rẹ́. Atọ́ka ìwákiri ni, kò ní lẹ́tà tiyín kan nínú tí kò sí níbòmíràn, Thunderbird á sì tún un kọ fúnra rẹ̀.

Mọ̀mọ́ wa ní Ọ̀yọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ tọ̀nà pé antivirus wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n n kò ní gba ọ̀gá nímọ̀ràn kó pa á pátápátá, nítorí pé ẹni tó ń gba fáìlì lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣáà ti kan ilẹ̀kùn ni atẹ̀wé, fúláàṣì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan tó láti ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Ohun tó yẹ ni kí ó wọ inú ètò antivirus náà, níbi tí wọ́n kọ Exclusions sí, ìyẹn àwọn ohun tí kò ní máa yẹ̀ wò, kó fi fódà profile kan ṣoṣo síbẹ̀. Bó bá ṣí fáìlì tí lẹ́tà gbé wá, inú fódà Temp ni yóò ti ṣí, bó bá sì tọ́jú rẹ̀, ibòmíràn ni yóò wà, antivirus á sì yẹ ẹ́ wò ní ibi méjèèjì. Ewu mìíràn tún wà tí àwọn ènìyàn kì í rò: nítorí pé fáìlì kan ṣoṣo ni Inbox, bí antivirus bá rí lẹ́tà kan tó ní àrùn nínú rẹ̀, ó lè gbé odindi Inbox tì mọ́lé. Mo ti rí oníbàárà kan tó sunkún lórí irú rẹ̀.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì, Ọ̀yọ́

Ọmọ mi, n kò bínú rárá, o ti là mí lọ́yẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ń kọ mí lóminú. Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé lẹ́tà àṣírí tí akọ̀wé kan pa rẹ́ lónìí, ẹni tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà lọ́la, tó sì mọ ibi tí Inbox wà, ṣì lè kà á?

Alátùn-únṣe Under G

Bẹ́ẹ̀ ni, mà, kò sì ní béèrè ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Títí tí wọ́n á fi ṣe compact ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ àwọn tó fẹ́ ta kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì pé kí wọ́n má gbà pé àwọn ti nu lẹ́tà nù nítorí pé àwọn kò rí i mọ́.

Atẹ̀wé Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú àdúrótì mi. Ọjọ́ Àìkú ni mo ṣe é, nígbà tí kò sí oníbàárà, tí iná sì wà láti òru. Ìṣẹ́jú 40 ni dída profile kọ sórí D gbà. Mo wo inú nstmp, iṣẹ́ tí a ti tẹ̀ tí wọ́n sì ti gbé lọ ló wà níbẹ̀, ìwé ètò ìsìnkú bàbá kan tí a tẹ̀ ní 2019 sì wà lókè pátápátá. Mo pa á rẹ́, mo da Trash nù, mo sì tẹ Compact. Mo gbìyànjú láti kúrò nídìí rẹ̀ bí ẹ ṣe wí, n kò lè ṣe é. Mo jókòó tì í, mo ń wo ìlà tó wà nísàlẹ̀ bó ṣe ń rìn.

Inbox tó jẹ́ 9.4GB ti di 1.6GB. Mo ka lẹ́tà ibẹ̀, kò sí èyí tó dín. Mo fi profile sínú Exclusions, mo sì pa fáìlì sqlite yẹn rẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣí i lẹ́yìn náà, ó lọ́ra díẹ̀, ọkàn mi já, ṣùgbọ́n mo rántí pé ẹ ní yóò tún atọ́ka kọ. Ní àárọ̀ yìí, ìṣẹ́jú-àáyá 38 ló fi ṣí. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tàn án padà, mo tún un kà, 41 ni.

Nǹkan kan péré ló ṣẹlẹ̀. Fódà kan tí mo sọ ní "Kàlẹ́ńdà" ń fi orúkọ lẹ́tà kan hàn, bí mo bá sì tẹ̀ ẹ́, ara lẹ́tà mìíràn ló ń jáde. Kí ni ti èyí? Mo tún fẹ́ mọ bí n ó ṣe ṣe é tí kò fi ní padà di 9GB, nítorí pé àwòrán ni iṣẹ́ wa, n kò sì lè sọ pé kí wọ́n má fi ránṣẹ́.

Alátùn-únṣe Under G

Ọ̀gá, ẹ kú oríire. Ti fódà Kàlẹ́ńdà kò le. Atọ́ka rẹ̀ ló ṣìnà, lẹ́tà kò bàjẹ́. Ẹ tẹ ọ̀tún màósì lórí rẹ̀, ẹ mú Properties, kí ẹ tẹ Repair Folder, yóò ju .msf ti àtijọ́ nù, yóò sì kọ tuntun.

Nípa ti ọjọ́ iwájú, ẹ padà sí Settings, ní General, lábẹ́ Disk Space, ibẹ̀ ni ẹ ti lè sọ pé kó máa ṣe compact bí àyè tó máa ṣí sílẹ̀ bá ti ju 200MB lọ. Bí ẹ bá ń ṣe é bẹ́ẹ̀ léraléra, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá ni, kì í tún ṣe iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú mọ́. Kí àwọn ọmọṣẹ́ yín má sì tẹ "Remind Me Later" mọ́, àfi bí ẹ bá wà lórí jẹnẹrétọ̀.

Àwòrán ni ọ̀tá gidi. Ímeèlì kì í gbé àwòrán bó ṣe rí. Ó máa ń sọ ọ́ di ábídí àti nọ́ńbà lásán lọ́nà tí wọ́n ń pè ní base64, ohun tó bá sì gba àyè 3 tẹ́lẹ̀ á wá gba àyè 4. Àwòrán 15MB tí ẹbí fi ránṣẹ́ á ti di 20MB nínú Inbox yín, ẹ ó sì tún tọ́jú ẹ̀dà kan sínú fódà iṣẹ́. Bí ẹ bá ti tọ́jú rẹ̀ tán, ẹ tẹ ọ̀tún màósì lórí rẹ̀ nínú lẹ́tà náà, kí ẹ yan Delete, lẹ́tà àti àdéhùn owó tó wà nínú rẹ̀ á kù, àwòrán á lọ. Èyí tí ẹ kò bá tíì tọ́jú, Detach ni kí ẹ lò, kó lè kọ́kọ́ gbé e síta fún yín. Àyè rẹ̀ kò ní ṣí sílẹ̀ títí compact á fi wáyé, gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ. Bí ọdún bá yí, ẹ kó lẹ́tà ọdún tó kọjá sínú fódà tirẹ̀ lábẹ́ Local Folders, kí Inbox lè máa jẹ́ ti iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ nìkan.

Ìṣẹ́jú-àáyá 38 tó kù yẹn, ti hard disk ni. Bí ẹ bá rí owó díẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá dé, SSD, ìyẹn irú disk tó yára ju hard disk lọ, ni kí ẹ rà sí i, kí RAM sì di 8GB. Ìyẹn kéré jọjọ sí owó kọ̀ǹpútà tí ẹni yẹn fẹ́ bá yín wá. Ẹ̀dà profile tó wà lórí D, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún oṣù kan kí ẹ tó pa á rẹ́. Hard disk kan náà ni C àti D o, ọ̀gá, nítorí náà ẹ tún da ọ̀kan kọ sórí èyí tí ẹ lè yọ lára kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì gbé e lọ sílé.

Atẹ̀wé Ògbómọ̀ṣọ́

Repair Folder ti ṣiṣẹ́, Kàlẹ́ńdà ti padà bọ̀ sípò. N kò tilẹ̀ rò ó rí pé ilé kan náà ni C àti D ń gbé. Màá ra hard disk ìta lọ́sẹ̀ yìí, màá sì gba Under G kọjá wá kí yín.